Dígí akuéríọ̀mù mi ń di àwọ̀ ewé ṣáá: níbo ni ewédò yìí ti ń wá?

Ọmọ_Ìgbógbó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ewédò. Mo ní akuéríọ̀mù kan ní pálọ̀ wa ní Ìgbógbó, Ìkòròdú, ó ń gba omi tó lítà 120. Ẹja góòlù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ẹja mólì díẹ̀, àti ẹja kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ dígí tí ẹni tó tà á fún mi sọ pé òun ni yóò máa bá mi fọ dígí. Kò fọ nǹkan kan. Bí mo bá fọ dígí lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti tún dú àwọ̀ ewé, òkúta ìsàlẹ̀ á máa yọ̀, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun á sì máa fì lára páìpù fílítà. Omi gan-an kò mọ́ gaara mọ́.

Omi kànga ni mò ń lò, nítorí omi bọ́òhóòlù àdúgbò wa máa ń pọ́n. Iná táńkì ẹja náà kì í kú láti àárọ̀ títí a ó fi sùn, sólà wà. Ìgbà tí mo bá fẹ́ fọ̀ ọ́, gbogbo omi ni mo ń dà nù, màá fi ọṣẹ fọ òkúta àti fóòmù fílítà. Ẹnì kan ní kí n kán bílíìṣì díẹ̀ sí i. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Ìbejì_Sábó
Bílíìṣì kẹ̀! Ẹ má pa ẹja yín o. Iná yẹn ló pọ̀ jù. Kí ni ẹja fẹ́ fi iná ṣe títí di aago mọ́kànlá alẹ́? Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Táímà kékeré tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo so tèmi mọ́, nítorí bí mo bá ní kí àwọn ọmọ máa pa á, wọn ò ní pa á.

Kò_sí_wàhálà
Álọ́ọ̀mù ni o. Ẹ fọ́ èyí tó tó orí ìka, ẹ jù ú sómi. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìdọ̀tí ti rì sísàlẹ̀, omi á mọ́ lóló. Ó pẹ́ tí ìyá mi ti ń lò ó sí omi kànga wa ní Báyékù, a sì ń mu ún, kò ṣe wá ní nǹkan kan.

Olùtọ́jú_Odogùnyàn
Kò_sí_wàhálà, omi tí èèyàn ń bù mu yàtọ̀ sí omi tí ẹja ń gbé, tó ń mí nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òótọ́ ni pé álọ́ọ̀mù ń kó ìdọ̀tí jọ kó lè rì. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ omi di kíkan, omi ilẹ̀ wa lágbègbè yìí sì sábà máa ń kan díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí omi bá ti wá kan jù, álọ́ọ̀mù yẹn á di májèlé sí ibi tí ẹja fi ń mí. Ewédò tó lẹ̀ mọ́ dígí kò sì ní torí rẹ̀ ṣí kúrò.

Ọmọ_Ìgbógbó, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti ń wá. Ewédò kò ṣòro lóye: ìmọ́lẹ̀ àti ajílẹ̀ ló fi ń dàgbà. Ẹni tó ń ha dígí láìdín ọ̀kan nínú méjèèjì kù, iṣẹ́ àṣetúnṣe ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì ti sọ ti iná, àmọ́ iná nìkan kọ́. Ibo ni táńkì wà? Bó bá wà lójú fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń bá wọlé, ẹ lè pa iná títí di ọdún tó ń bọ̀, oòrùn á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ló gùn. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán àti ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń di amóníà nínú omi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú fóòmù fílítà ló ń sọ amóníà di náítráìtì, àwọn mìíràn lára wọn á tún sọ ìyẹn di náítréètì. Náítréètì kì í tètè pa ẹja, ṣùgbọ́n ewédò ń jẹ ẹ́ yó. Bí ẹ bá fi ọṣẹ fọ fóòmù, tí ẹ tún da gbogbo omi nù, ẹ ti pa àwọn kòkòrò yẹn. Táńkì yín á wá máa dà bí tuntun ní gbogbo ìgbà, amóníà á ròkè, iná ń tàn lé e lórí láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ló kù tí ewédò ń wá?

Nítorí náà, ẹ jáwọ́ nínú ọṣẹ pátápátá. Omi táńkì tí ẹ bá fà jáde ni kí ẹ fi fún fóòmù níwọ̀nba, kí ẹ dá a padà sípò. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà fà á láti àárín òkúta ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń forí pamọ́ sí. Ẹni tó bá bu omi láti òkè nìkan, èyí tó mọ́ ló bù dà nù.

Kí lẹ fi ń bọ́ wọn? Mo ń bi yín nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi oúnjẹ àrọ̀ bọ́ ẹja góòlù torí pé ó dínwó. Wọ́n pò ó kí àrọ̀ lè yára sanra ni. Purotéènì inú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ àrọ̀ máa ń tó ìdá 40 nínú 100 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹja góòlù kò nílò tó yẹn, èyí tó bá ṣẹ́kù á di amóníà nínú omi. Èyí tí ẹja bá lè jẹ tán kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé ni kí ẹ fún un, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bí ẹ bá fò ó lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ebi kò ní pa á kú.

Ẹja alẹ̀mọ́dígí yẹn, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Nígbà kékeré ló máa ń ha ewédò jẹ dáadáa. Bó bá ti ń dàgbà, oúnjẹ ẹja yòókù ló máa ń wù ú, ó sì lè gùn ju ìwọ̀n rúlà ilé-ìwé lọ. Ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan á tó bọ́ ewédò. Ẹja góòlù mẹ́rin náà ti fẹ́ pọ̀ jù fún lítà 120.

Ẹ dáhùn ti fèrèsé àti ti oúnjẹ ná.

ÀgbẹẸja_Ẹ̀pẹ́
Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú omi aláwọ̀ ewé fún wa! Àwa tí a ń sin epìyà níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́, àwa fúnra wa là ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí pọ́ńdù kó lè dú bẹ́ẹ̀, torí oúnjẹ epìyà ni. Ọwọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n. Mo máa ń ki apá bọ omi: bí àtẹ́lẹwọ́ mi bá pòórá kí omi tó dé ìgúnpá, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, bí omi bá ti dé ìgúnpá tí mo ṣì ń ka ìka mi kedere, ó ku díẹ̀. Èmi ì bá ní kí ẹ ju ọmọ epìyà méjì sínú táńkì yẹn. Wọ́n á bá yín jẹ ẹ́ tán.

Olùtọ́jú_Odogùnyàn
Ẹ̀gbọ́n, pọ́ńdù lẹ ń sọ, táńkì pálọ̀ ni tiwa. Epìyà méjì nínú lítà 120? Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi tóbi jù ú lọ, wọ́n á máa lé ẹja góòlù kiri, ìgbẹ́ wọn á sì hu ewédò tuntun. Ẹ tún rántí òru. Lójú oòrùn, omi ewé ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Bílẹ̀ bá ti ṣú, òun àti ẹja á jọ máa fà á. Bí ìdájí bá wá tó, ẹja á gbé ẹnu sókè lójú omi, á máa mí gúlegúle.

ÀgbẹẸja_Ẹ̀pẹ́
Ti ìdájí yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ó ti kó ẹja lọ mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Ó dáa, mo fa epìyà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí mólì rẹ̀ bá bímọ, kó bu omi ewé díẹ̀ pa mọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ẹ kò ní fi èyí já mi nírọ́.

Olùtọ́jú_Odogùnyàn
Rárá o, lórí ìyẹn mo wà lẹ́yìn yín.

Ará_Àgbádárìgì
Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ojú oró. Ṣé ojú oró kọ́ ní í lékè omi ni? Bó ṣe lékè yẹn ló fi ń ṣíji bo omi tí ìmọ́lẹ̀ kì í fi í rí àyè wọlé, gbòǹgbò rẹ̀ á sì máa fa náítréètì mu kí ewédò tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bo bí ìdajì ojú omi, kó má bo gbogbo rẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé. Èyí tó bá ti pọ̀ jù, ẹ máa kó o jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ìgbà tó bá jáde ni ajílẹ̀ tó mu ń bá a jáde. Bó bá jẹrà sínú omi, ajílẹ̀ náà padà síbi tó wà nìyẹn. Ẹja góòlù á máa jẹ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ má bá a jà.

Ẹ má ṣe lọ já wọ́tà háyásíìnì wálé o, èyí tí òdòdó rẹ̀ dà bí àwọ̀ àlùkò, tí igi ewé rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀. Òun náà ń fa ajílẹ̀, àmọ́ ó tóbi ju táńkì lọ, ó sì ti fìyà jẹ wá tó. Láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ló gba odò wa wọ Nàìjíríà ní 1984, títí dòní ló ń dínà mọ́ ọkọ̀ ojú omi.

Nọ́ọ̀sì_Àgbọ̀wà
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan lórí jíjá ewé lódò. Omi tí kò ṣàn, tí ojú oró bò, ibẹ̀ gan-an ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri fẹ́ràn. Kòkòrò àrùn náà ń jáde lára ìgbín, ó sì ń gba awọ ara èèyàn wọlé, kò dìgbà téèyàn bá mu omi. Ẹ má fẹsẹ̀ lásán wọ irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ má sì rán ọmọ. Bí ewé bá délé, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ ni kó wà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa, ẹ ṣa gbogbo ìgbín àti ẹyin tó rí bí àtè lẹ́yìn ewé. Ìgbín odò kankan kò gbọ́dọ̀ wọ táńkì tí ẹ ó máa ki ọwọ́ bọ̀.

Ará_Àgbádárìgì
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹni tí kò bá fẹ́ bọ́ sódò, àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì náà máa ń ní i nínú àwo omi wọn. Ọ̀rọ̀ ìgbín yẹn kò yọ tiwọn sílẹ̀ ṣá, ẹ fọ̀ ọ́ bákan náà.

Ọmọ_Ìgbógbó
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìdáhùn rèé: fèrèsé ìhà ìlà oòrùn ni táńkì dúró tì. Oúnjẹ àrọ̀ ni mò ń fún wọn lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń sin ẹja ló ń bù ú fún wa. Àlejò náà a sì máa já búrẹ́dì sí i, torí ẹja á sáré wá sójú omi.

Ohun méjì kù tí n kò tíì sọ. Ìsàlẹ̀ dígí kì í ṣe àwọ̀ ewé, ó pọ́n bí ilẹ̀. Nǹkan dúdú kéékèèké bí irùngbọ̀n sì wà lẹ́nu páìpù, tí mo fà fà tí kò já.

Kò_sí_wàhálà
Èyí tó pọ́n yẹn, irin inú omi ni. Gbogbo Ìkòròdú ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ara táńkì orí òrùlé yín.

Olùtọ́jú_Odogùnyàn
Ó lè jẹ́ irin, ó sì lè má jẹ́ ẹ. Ẹ fi ìka nù ún. Bó bá kúrò wẹ́rẹ́ bí eruku, dáyátọ́mù ni, irú ewédò kan tó pọ́n, tó wọ́pọ̀ nínú táńkì tuntun, àti nínú èyí tí wọ́n ń tú fọ̀ lemọ́lemọ́. Bí ẹ bá ti ṣíwọ́ títú u fọ̀, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá le, tó lẹ̀ pinpin bí ìpẹtà, irin nìyẹn. Ẹ tún lè bu omi kànga sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kó sùn mọ́jú: bó bá pọ́n, tí nǹkan rì sí ìdí rẹ̀, Kò_sí_wàhálà ló jàre.

Ìyá_Ìbejì_Sábó
Èyí tó dà bí irùngbọ̀n, mo mọ̀ ọ́n. Hydrogen peroxide tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, oní 3%, ló ràn mí lọ́wọ́. Ẹ pa fílítà, ẹ fi sírínjì fà á, ẹ rọra tú u sí orí irun náà gan-an. Ìwọ̀n mílílítà 1 fún lítà 4 omi, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó tan fílítà padà. Bó bá ti ń kú, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹja á wá máa jẹ ẹ́.

Olùtọ́jú_Odogùnyàn
Ìyá Ìbejì, kò burú, àmọ́ kí ló dé tí ẹ ó tú u sínú omi nígbà tó jẹ́ ara páìpù ló wà? Ẹ yọ páìpù náà jáde, ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ lóde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ẹ ṣàn án, ó parí. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà lára òkúta ńlá tí kò ṣeé gbé ló nílò sírínjì.

Ìyá_Ìbejì_Sábó
Ara òkúta ńlá ni tèmi wà 😄

Kànga_Jíjìn
Ẹ̀yin ará, gbogbo yín ń wo táńkì, kò sẹ́ni tó bi í nípa kànga. Báwo ni kànga yín ṣe jìnnà sí sókàwéè? Ti àwọn aládùúgbò ńkọ́? Mítà 30 ni wọ́n sábà ń gbà wá nímọ̀ràn kó wà láàárín wọn. Lórí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bí ẹ tiẹ̀ fi ti ẹ̀yin síbi tó yẹ, sókàwéè ẹni tó kọ́lé sẹ́yìn yín ń kọ́? Ohun tó ń ti ibẹ̀ jò wọ kànga, náítréètì wà nínú rẹ̀. A jẹ́ pé bí ẹ bá ń pààrọ̀ omi, ajílẹ̀ lẹ tún ń bù sí i.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ohun èlò ọ̀sìn ẹja, ẹ ra sitírípù tó ń wọn náítréètì. Omi kànga ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí ẹ tó wọn ti táńkì.

Olùtọ́jú_Odogùnyàn
Ọ̀rọ̀ gidi. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìbéèrè mi lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn.

Kò_sí_wàhálà
Èmi ṣì fẹ́ mọ̀: bí mo bá fi aṣọ dúdú bo táńkì fún ọjọ́ mélòó kan ńkọ́? Mo rí i níbì kan.

Olùtọ́jú_Odogùnyàn
Ó ń ṣiṣẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ omi fúnra rẹ̀ ló dú. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ìmọ́lẹ̀ kankan má yọjú. Ṣùgbọ́n ewédò tó bá kú á jẹrà, jíjẹrà rẹ̀ á sì jẹ ọ́síjìn inú omi. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ilé tí kò ní sólà, tó jẹ́ pé iná ìjọba ló gbójú lé, kó má dán an wò. Bí ẹ bá sì ṣí aṣọ, ẹ pààrọ̀ omi lọ́jọ́ náà. Bí oòrùn àti oúnjẹ bá wà bí wọ́n ṣe wà, á padà wá.

Ọmọ_Ìgbógbó
Mo ti gba sitírípù. Omi kànga bọ́ sí mílígíráàmù 25 nínú lítà kan, ti táńkì wà láàárín 50 sí 100. Sókàwéè ilé ẹ̀yìn wa kò jìnnà sí kànga rárá, fẹ́ńsì nìkan ló là wọ́n láàárín. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò pọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ dígí sì kúrò wẹ́rẹ́ nígbà tí mo nù ún.

A ti gbé táńkì sí ògiri kejì, iná ń tàn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́ nìkan, a ti dá oúnjẹ àrọ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Ojú oró wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò tíì wọ táńkì. Irun orí páìpù ti dín kù gan-an. Dígí ṣì ń dú díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé mo lè máa fi omi òjò lú omi kànga kí náítréètì lè wálẹ̀?

Kànga_Jíjìn
Ẹ lè ṣe é. Àmọ́ irú páànù wo ló wà lórí ilé? Páànù àtijọ́ oní-síǹkì tó ti ń dípẹtà máa ń yọ síǹkì sínú omi, síǹkì sì burú fún ẹja. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé ná kí ẹ tó gbé nǹkan sábẹ́ rẹ̀, pàápàá òjò àkọ́rọ̀. Kó má ju ìdajì-ìdajì lọ, torí omi òjò kò ní èròjà ilẹ̀ tí ẹja góòlù nílò.

Nọ́ọ̀sì_Àgbọ̀wà
Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ ẹja. 50 ni ìwọ̀n tí àjọ WHO fi sí náítréètì nínú omi mímu, 25 kò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọwọ́ tí ẹ ń po mílíìkì fún bá wà nílé, ẹ wá omi mìíràn fún un, torí kànga tó sún mọ́ sókàwéè tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ lè lọ sókè nígbà òjò. Síse kò sì lè yọ náítréètì kúrò, kòkòrò àrùn ló ń pa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi náà wò fún kòkòrò pẹ̀lú.

Ọmọ_Ìgbógbó
Alumíníọ̀mù ni páànù wa. Nọ́ọ̀sì, ọmọ oṣù mẹ́ta wà nílé o! Màá sọ fún ìyàwó mi nísinsìnyí. Ẹja alẹ̀mọ́dígí ló kù. Mo ti ń rò ó pé kí n lọ sọ ọ́ sọ́sà ní Ìpakodò.

ÀgbẹẸja_Ẹ̀pẹ́
Ẹ má sọ ọ́ sọ́sà! Ẹja àjèjì ni, kì í ṣe ti omi wa. Wọ́tà háyásíìnì tí Ará_Àgbádárìgì ń ké lé lórí kò ha tó wa? Pọ́ńdù kọnkéré kan ṣófo lọ́dọ̀ mi, àwọ̀n wà lẹ́nu páìpù rẹ̀. Ẹ bu omi táńkì sínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, ẹ gbé e sí i, kí ẹ bò ó lójú torí ó lè fò jáde. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n wá pàdé yín ní gáréèjì.